Al-Biruni: Onímọ̀ Mùsùlùmí Tó Ka Ìràwọ̀ Láì Sọ Ìṣirò Di Ẹ̀sìn

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè ọmọ kékeré ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí. Ní ilé kéú tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní kí a bá òun yanjú ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ìwé sọ pé pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ló wà. Bàbá rẹ̀ nílé ta kú pé mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́ òun. Ìwé Lárúbáwá kan tó wà lọ́wọ́ bàbá bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ààfáà, sọ pé méje ni. Ọmọ náà wá fẹ́ mọ ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí a tó lanu, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó tì wá ti dá a lóhùn pé méje ni, nítorí pé sánmọ̀ méje ni Ọlọ́hun dá, àti pé ẹni tó bá kà ju bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́ tako Al-Kùránì ni. Ọmọ náà jókòó, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́ títí a fi ṣàdúà, tí a túká. Dídákẹ́ rẹ̀ yẹn ló dùn wá. Ọmọ tí a bá jẹ́ kó rò pé òun gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú ilé ìwé àti ilé kéú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í mú ilé kéú.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn: Abu Rayhan Muhammad ọmọ Ahmad, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Al-Biruni. Mùsùlùmí ni, ó gbọ́ Al-Kùránì, ó sì mọ ohun tó wà lójú sánmọ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹni tó bá a láyé lọ. Méje ni òun náà kà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe kà á, kí a sì wo ìdí tí iye náà kò fi di ẹ̀sìn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 973, tí í ṣe oṣù Dhul-Hijja ọdún 362 Híjírà, ni wọ́n bí i ní ẹ̀yìn odi ìlú Kath, ní ilẹ̀ Khwarazm. Orílẹ̀-èdè Uzbekistan ni ibẹ̀ wà lónìí. Ibi tí wọ́n bí i sí yìí ló bí orúkọ rẹ̀, nítorí ìtumọ̀ Al-Biruni ni ará ẹ̀yìn odi. Kì í ṣe Lárúbáwá, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kì í ti í ṣe Lárúbáwá. Èdè Khwarazm ni wọ́n fi tọ́ ọ. Kíkọ́ ló kọ́ èdè Lárúbáwá àti èdè Páṣíà. Síbẹ̀ èdè Lárúbáwá ló fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀, ó sì gbà pé kò sí èdè tó gba ìmọ̀ dúró bí i tirẹ̀.

Abu Nasr Mansur, ọmọ ọba tó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò, ló mú un sọ́dọ̀ tó sì kọ́ ọ. Nígbà tí Al-Biruni fi wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 17, ó ti ń wo bí oòrùn ṣe ga tó ní ọ̀sán gangan, ó sì fi ìyẹn ṣírò bí ìlú Kath ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé.

Ní ọdún 995, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khwarazm. Wọ́n pa ọba tó wà ní Kath, ìdílé olùkọ́ rẹ̀ sì pàdánù ìtẹ́. Al-Biruni sá àsálà, kò sì tíì ju ẹni ọdún 22 lọ. Ó dé ìlú Rayy, lẹ́bàá ibi tí Tehran wà lónìí, kò ní olùrànlọ́wọ́, kò sì lówó lọ́wọ́. Awòràwọ̀ kan níbẹ̀ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ ń jiyàn ìmọ̀, nítorí pé ó rí i ní tálákà. Nígbà tí nǹkan ṣẹnuure fún un lẹ́yìn náà, ọkùnrin yìí kan náà ló wá ń bá a ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú wọn.

Ìṣẹ́ kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 997, òun àti àgbà onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Abu al-Wafa jọ ṣe àdéhùn. Abu al-Wafa wà ní Bàgídáàdì, Al-Biruni wà ní Kath. Àwọn méjèèjì wo òṣùpá ní òru tí òjìji ilẹ̀ ayé bò ó, oníkálùkù sì kọ àkókò ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n àkókò ìlú méjèèjì kò dọ́gba, ìyàtọ̀ yẹn ló sì fi hàn wọ́n bí ìlú kan ṣe jìnnà sí èkejì láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Kò sí tẹlifóònù, kò sí rédíò. Ìgbẹ́kẹ̀lé pé ẹnì kejì yóò kọ òótọ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ka méje

Àwọn ìràwọ̀ tí ojú wa ń rí lálẹ́, bí a bá wò wọ́n láti oṣù dé oṣù, pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo wọn jọ ń rìn pọ̀ lójú sánmọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ayé àtijọ́ kíyè sí i pé àwọn kan wà tí kì í dúró síbi kan láàrin àwọn yòókù. Lónìí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ yìí, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n ti wà lọ́dọ̀ òmíràn. Méje ni wọ́n kà. Àwọn ni Al-Qamar tí í ṣe òṣùpá, Utarid, Az-Zuhra, Ash-Shams tí í ṣe oòrùn, Al-Mirrikh, Al-Mushtari àti Zuhal. Ẹni tó bá lọ sí ilé kéú dáadáa ti gbọ́ orúkọ wọ̀nyí rí. Ní ilé ìwé, márùn-ún tó yàtọ̀ sí oòrùn àti òṣùpá nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Mercury, Venus, Mars, Jupiter àti Saturn. Àwọn baba wa náà ti kíyè sí Az-Zuhra. Àgùàlà ni wọ́n pè é, wọ́n sì pa á lówe pé bó ti ń bá oṣù rìn yẹn, kì í ṣe ajá oṣù.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbí yìí. Oòrùn àti òṣùpá wà nínú méje yẹn, ilẹ̀ ayé tí a dúró lé kò sì sí nínú rẹ̀. Ohun tó ń rìn lójú sánmọ̀ ni wọ́n ń kà, ojú lásán ni wọ́n sì fi kà á. Àwọn ará Gíríìkì tó kà á ṣáájú Al-Biruni kò tíì gbọ́ Al-Kùránì nígbà tí wọ́n kà á. Nítorí náà, méje ti ìràwọ̀ àti sánmọ̀ méje tí Ọlọ́hun sọ fún wa, iye ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà.

Al-Biruni mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Íńdíà, ó sọ ọ́ pé Al-Kùránì kò sọ ohunkóhun lórí ọ̀rọ̀ yìí tí yóò gba pé kí ènìyàn lọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́rùn kí ó tó bá ohun tí ojú rí mu. Ó gba Al-Kùránì gbọ́, ó sì fi ojú àti ìṣirò ka ìràwọ̀, kò sì fi ọ̀kan ti èkejì ṣubú.

Ayé mìíràn ńkọ́?

Nígbà tó dé ààfin Qabus, ọba ìlú Gurgan, ó kọ ìwé ńlá kan fún un ní nǹkan bí ọdún 1000. Ìwé náà dá lórí bí àwọn Mùsùlùmí, Yahudi, Nasara, ará Páṣíà àti àwọn mìíràn ṣe ń ka ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ní nǹkan bí àkókò yẹn náà ni òun àti Ibn Sina, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tirẹ̀, ń kọ̀wé síra wọn. Ìbéèrè 18 ni Al-Biruni fi ránṣẹ́. Mẹ́wàá nínú wọn dá lórí ohun tí Aristotle, àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, kọ nípa sánmọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé, ẹ̀rí wo ni Aristotle ní tó fi ti ilẹ̀kùn pa pé kò lè sí ayé mìíràn lẹ́yìn èyí tí a wà nínú rẹ̀?

Kò sọ pé òun ti rí ayé mìíràn. Ohun tó ń béèrè ni ẹ̀rí ẹni tó ní kò lè sí. Ibn Sina fèsì, èsì náà kò sì tẹ́ Al-Biruni lọ́rùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ilẹ̀ ayé ló ń yí, kì í ṣe sánmọ̀. Ó mọ onímọ̀ kan, As-Sijzi, tó ṣe ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní asturlab lórí èrò yìí. Kò pè é ní kèfèrí. Ó ní bóyá ilẹ̀ ló ń yí tàbí sánmọ̀, ìṣirò yóò jáde bákan náà, ọ̀rọ̀ náà sì ṣòro láti yanjú. Níkẹyìn, ibi tí ó fìdí tì sí ni pé ilẹ̀ ayé dúró lójú kan. Lónìí a mọ̀ pé ó ṣe àṣìṣe níbẹ̀. A kò fi àṣìṣe náà pamọ́ fún yín, nítorí pé kò sí onímọ̀ tí kì í ṣe àṣìṣe àfi ẹni tí Ọlọ́hun bá ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àṣìṣe lẹ́yìn tó wo ẹ̀rí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó fi ariwo pa ẹ̀rí mọ́lẹ̀.

Ẹrú ogun ní ààfin Ghazna

Ní ọdún 1017, Sultan Mahmud ti Ghazna gba Khwarazm. Al-Biruni àti olùkọ́ rẹ̀ Abu Nasr wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Ghazna, ní ilẹ̀ Afghanistan òní. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1018, ó wà ní abúlé kan nítòsí Kabul, ara ń ni ín, kò sì ní ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ kankan lọ́wọ́. Ó mú pátákó tó fi ń ṣírò, ó yí i padà, ó fa ìlà bí apá kan òbírí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi í wọn gíga oòrùn. Gbogbo ẹni tó ti fi wàláà kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé kéú yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun èlò ló ń sọ ènìyàn di onímọ̀.

Ní ọdún 1025, ó parí ìwé kan lórí bí a ṣe ń mọ ibi tí ìlú wà lórí ilẹ̀ ayé. Ohun tó fẹ́ fi ṣe ni láti mọ ojú Kíbíla fún àwọn tó ń kírun ní Ghazna. Bákan náà ló gun òkè kan nítòsí odi Nandana, ní Pakistan òní. Ó wọn gíga òkè náà, ó wo bí ibi tí ilẹ̀ àti sánmọ̀ ti pàdé ṣe rẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀, ó sì fi èyí ṣírò títóbi ilẹ̀ ayé. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe yí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ padà sí kìlómítà, nǹkan bí 6,340 ló rí láti àárín ilẹ̀ ayé dé ojú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò lónìí ni 6,371.

Àwọn òpìtàn sọ pé ní ọjọ́ kan, ikọ̀ kan ti ilẹ̀ Tọ́kì tó jìnnà wá, ó sì sọ fún Sultan Mahmud pé ní ìkángun ayé níbì kan, oòrùn a máa yí po lójú sánmọ̀ láì wọ̀, tí kò ní sí òru. Inú bí Sultan. Ó ka ọkùnrin náà sí ẹni tó ti yapa kúrò nínú ẹ̀sìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níjòókòó rán Sultan létí pé ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ikọ̀ náà ń sọ. Nígbà tí wọ́n bi Al-Biruni, ó fi ìṣirò ṣàlàyé bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, Sultan sì gbà. Ẹ wo bí ó ti kù díẹ̀ kí wọ́n fìyà jẹ ènìyàn nítorí pé ó sọ òótọ́.

Ó tún sọ nínú ìwé rẹ̀ kan nípa ládàánì tí kò fẹ́ lo ẹ̀rọ tí ń sọ àkókò ìrun, nítorí pé orúkọ oṣù àwọn ará Róòmù ló wà lára rẹ̀. Al-Biruni ní bó bá jẹ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fara wé wọn nínú ohunkóhun, àwọn ará Róòmù náà a máa jẹun, kí ládàánì má jẹun mọ́ nìyẹn.

Ìwé tó kọ fún Rayhana

Ní ọdún 1029, ó kọ ìwé At-Tafhim fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Rayhana ọmọ Al-Hasan. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni ó fi ṣe é, ó sì ju 500 lọ, láti orí ìṣirò dé orí ìràwọ̀. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìràwọ̀ sọ àsọtẹ́lẹ̀ náà níbẹ̀, nítorí wọ́n ń béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fi ọkàn tán an.

Nínú ìwé yìí ló ti sọ̀rọ̀ lórí Al-Majarra, ìyẹn ohun funfun bí èéfín tó na ara rẹ̀ já ojú sánmọ̀ ní òru tí kò sí òṣùpá. Ó ní àkójọpọ̀ ègé kéékèèké tí kò níye ni, tí ìṣesí wọn dà bí ti ìràwọ̀ tó rí kùrukùru. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún àti ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, ní ọdún 1610, Galileo ní ilẹ̀ Ítálì fi awò tí ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra wò ó, ó sì rí i pé ìràwọ̀ ni lóòótọ́. Agbo ìràwọ̀ tí àwa náà wà nínú rẹ̀ ni.

Ẹ wo òótọ́ inú ọkùnrin yìí. Nínú ìwé ńlá tó kọ lórúkọ Sultan Mas'ud, ọmọ Mahmud, ó to ìràwọ̀ 1,029 lẹ́sẹẹsẹ, ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Níbi tí kíkà ti ṣeé ṣe, ó kà á. Nígbà tó kan Al-Majarra, ó ní kò níye. Ìtàn sọ pé Sultan fi ẹrù fàdákà tí erin kan gbé ta á lọ́rẹ nítorí ìwé náà, ó sì dá a padà.

Èsì ọ̀rọ̀ ọmọ náà

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìbéèrè ọmọ yẹn. Méje ni ìwé bàbá bàbá rẹ̀ kà. Lẹ́yìn ọdún 1543, nígbà tí Copernicus gbé e jáde pé oòrùn ló wà láàárín, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onímọ̀ yọ oòrùn àti òṣùpá kúrò nínú iye náà, ó ku márùn-ún. Wọ́n fi ilẹ̀ ayé tiwa kún un, ó di mẹ́fà. Ní ọdún 1781, William Herschel fi awò rí Uranus, ó di méje. Ní ọdún 1846 wọ́n rí Neptune, ó di mẹ́jọ. Ní ọdún 1930 wọ́n rí Pluto, ó di mẹ́sàn-án, iye tí wọ́n kọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 2006, àpapọ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ṣèpàdé ní Prague, wọ́n sì yọ Pluto sọ́tọ̀, ó padà di mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníkálùkù sọ ohun tí ìgbà tirẹ̀ rí.

Mẹ́jọ yìí, àwọn tó ń yí oòrùn tiwa ká nìkan ni. Ní ọdún 1995, wọ́n rí pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn tó dà bí oòrùn wa ká, láti ìgbà náà wọ́n ti rí ju 5,000 lọ. Nínú agbo ìràwọ̀ wa, wọ́n fojú bu ìràwọ̀ sí láàrin bílíọ̀nù 100 àti bílíọ̀nù 400, wọ́n sì rò pé bí a bá pín in dọ́gba, ó kéré tán pílánẹ́ẹ̀tì kan yóò kan ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìfojúbù ni, kì í ṣe kíkà. Ẹni tó dá wọn ló mọ iye wọn.

Ikú rẹ̀

Al-Biruni kò fi ọjọ́ ogbó sinmi. Ní ọdún 427 Híjírà, ó kọ orúkọ ìwé tó ti kọ sílẹ̀, ó jẹ́ 113, ó sì tún kọ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, títí kan ìwé lórí òkúta iyebíye àti ìwé lórí egbòogi. Ní nǹkan bí ọdún 1050 ló kú ní Ghazna.

Àwọn òpìtàn sọ pé nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́, ààfáà kan tó jẹ́ onímọ̀ fíkíhì wá kí i. Mímí ń ṣòro fún un. Síbẹ̀ ó béèrè ìṣirò ogún kan tó jẹ mọ́ àwọn ìyá àgbà, èyí tí wọ́n ti jọ sọ rí. Àánú ṣe ààfáà náà, ó ní ṣé nínú ipò yìí náà ni? Al-Biruni dá a lóhùn pé ó sàn kí òun fi ayé sílẹ̀ pẹ̀lú mímọ̀ rẹ̀ ju kí òun lọ láìmọ̀ ọ́n. Ààfáà ṣàlàyé, Al-Biruni tún un sọ títí ó fi yé e. Bí ààfáà ṣe jáde, kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ igbe ẹkún láti inú ilé náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ilé kéú, ẹni tó ń kú lọ ń béèrè ìbéèrè, ẹ má ṣe jẹ́ kí á pa ìbéèrè mọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà lẹ́nu. Bí a bá mọ ìdáhùn, kí á sọ ọ́. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí á ní Ọlọ́hun ló mọ̀ jù, kí á sì lọ wá a. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a pe ọmọ náà síwájú, a sì fi ẹ̀yìn wàláà ṣe ìṣirò yìí fún un láti orí méje dé orí mẹ́jọ. Àgbà tó dá a lóhùn lọ́jọ́ kìíní wà níbẹ̀, òun náà sì sún mọ́ ọn láti wò ó.

Ọlọ́hun kí ó kẹ́ Al-Biruni, kí ó forí àṣìṣe rẹ̀ jì í, kí ó sì fi ìmọ̀ tó wúlò ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Àmín.